Ìgò Omi Òkè

Àwa ará Òkè Pópó kò ní òkè.
Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́;
àtẹ̀gùn ilé Alájà Sìnótù nìkan ló ń mú wa mí hẹlẹhẹlẹ.
Nítorí náà, nígbà tí mo dé, tí Màmá bi mí pé,
"Mùtíù, kí lo rí lọ́hùn-ún?"
n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní kí a wá kọ́ ní Japáànì,
oṣù mẹ́ta gbáko, gírísì lábẹ́ èékánná.
Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀gá wa kó wa wọ rélùwéè
tó ń gun òkè bí ìgbín ṣe ń gun igi ìbẹ́pẹ.
A sọ̀ sí ìlú kan tí ooru ń rú túú láti inú gọ́tà rẹ̀.
Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo àdúgbò.
Mo rẹ́rìn-ín sínú: gọ́tà tiwa náà ń rùn,
kò sẹ́ni tó ń sanwó rélùwéè wá gbóòórùn rẹ̀.

Ẹnubodè kan wà níbẹ̀, pupa bí epo,
òpó méjì, igi méjì lókè, kò sí ìlẹ̀kùn.
Kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí lósì,
ẹni tó bá wù lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá,
síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà,
wọ́n á kọ́kọ́ tẹríba.
Omi ń ṣàn sínú ọpọ́n òkúta:
ọwọ́ òsì ni wọ́n ń fọ̀, kí wọ́n tó fọ ọ̀tún, kí wọ́n tó fọ ẹnu.
Màmá gbójú sókè lórí tẹ̀sùbáà rẹ̀.
"Àlùwàlá ni. Àmọ́ wọ́n fi òsì ṣáájú.
Ṣé ìwọ náà ṣe é?"
Mo ní mo fọwọ́ ni. Ọwọ́ mi dọ̀tí.

Mo sọ fún un nípa adágún gbígbóná láàárín àpáta,
yìnyín ń já bọ́ sí mi lórí, ọrùn dé ìsàlẹ̀ ń là á gùn,
bàbá arúgbó mẹ́rin jókòó nínú rẹ̀,
táwẹ̀lì kékeré lórí wọn bíi fìlà.
Mo fo ibi tí a ti bọ́ṣọ.
Màmá kò fò ó. "Ìhòhò?"
"Ìhòhò ni, Màmá."
Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀,
ó nàka sí omi, ó gbé àtàǹpàkò sókè.
Orúnkún Màmá ni mo rò.
Mo ra ìgò, mo pọn ọ́n kún,
mo fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta wé e sínú àpótí.

Ó dé Èkó, ó ti tutù.
"Omi gbígbóná tó bá rìn jìnnà," Màmá wí,
"tútù níí dé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."
Ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú omi orí sítóòfù,
ó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́,
ó ń bù fún Ìyá Kúbúrá tí ẹ̀yìn ń dùn.

Nígbà tó ku ìka méjì, àyà mi já.
Lóru, lẹ́yìn tí iná lọ,
mo yọ́ lọ sí kàǹga ẹ̀yìnkùlé, mo rọ ọ́ kún.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe láti ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé.
"Omi yìí kì í tán!" ni Ìyá Kúbúrá ń wí.
Màmá á ní, "Òkè ló ti wá."

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí Àgbádárìgì:
ẹ́ńjìnì mẹ́fà, ọjọ́ mọ́kànlá.
Oorun kò kùn mí. Ìgò yóò ti gbẹ,
àṣírí á ti tú.
Mo wọlé lóru, n kò tíì bọ́ bàtà,
mo gbé ìgò sókè sí iná fóònù.
Ó kún dé ọrùn.

Lẹ́yìnkùlé, okùn kàǹga ṣì ń kán tótó.
Màmá ń sùn, tàbí ó ń díbọ́n,
yanrìn tútù lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.